Kóòṣì tó ń jẹ gbádùn ní yunifásítì, kí ló fẹ́ lọ wá ní NBA?

Olóòtú mi, ọ̀kún o. Kàbbà ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Mo ka lẹ́tà ẹnìkan nínú ìwé ìròyìn yín tó ní kóòṣì básíkẹ́tì tó bá ti gba ife ní yunifásítì Amẹ́ríkà tí kò lọ sí NBA, ìyẹn líìgì àwọn agbábásíkẹ́tì tó ń gbowó iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ojo ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún un lésì.

Mo mọ̀ pé Dan Hurley ló ń bú. Hurley yìí, kóòṣì yunifásítì Connecticut (UConn), kó wọn gba ife àwọn yunifásítì ní 2023, ó tún gbà á ní 2024, ni Lakers, ẹgbẹ́ NBA kan, bá gbé 70 mílíọ̀nù dọ́là fún ọdún 6 wá bá a ní June ọdún yẹn, ó ní òun ò lọ. Àwọn ọmọ fíúwìn sẹ́ńtà ìhín fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè, wọ́n ní ta ló ń kọ Lakers. Ṣebí Krzyzewski, kóòṣì yunifásítì Duke, náà kọ Lakers yìí ní 2004, Duke ló wà títí ó fi fẹ̀yìntì ní 2022, ife 5 ló gbà níbẹ̀, ẹ wá pe ìyẹn náà ní ojo ká gbọ́.

Ohun tí àwọn èèyàn ò rò ni pé bọ́ọ̀lù kan náà ni wọ́n ń gbá lóòótọ́ o, àmọ́ iṣẹ́ kan náà kọ́ ni kóòṣì ń ṣe. Ní yunifásítì, kóòṣì fúnra ẹ̀ ló máa lọ bá bàbá àti ìyá ọmọ nílé tí yóò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé ọmọ fún òun, òun ló máa sọ ẹni tó máa gbá àti ẹni tó máa jókòó, ọmọ ọdún 19 tó bá fẹ́ wọlé gbá gbọ́dọ̀ gbọ́ràn, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ọgbọ̀n-lé díẹ̀ lọ lọ́dún, àyè wà láti kọ́ wọn níṣẹ́. NBA ńkọ́? 82 ni, ká má tíì sọ ti ìdíje ìkẹyìn, lónìí Denver lọ́la ìlú míì, inú bàálù ni wọ́n ń sùn sí, ìgbà wo lẹ fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan? Ọ̀gá tó wà ní ọ́fíìsì ló ń ra agbábọ́ọ̀lù, kì í ṣe kóòṣì. Agbábọ́ọ̀lù tó jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká sì ń gbowó tó ju ti kóòṣì lọ fíìfíì. Tí ìjà bá wá dé, èèyàn 15 ò ṣeé lé lẹ́ẹ̀kan náà, kóòṣì kan ṣoṣo ló rọrùn láti lé.

Ó dà bí ìgbà tí wọ́n mú tíṣà máàtì tó mọṣẹ́ ẹ̀ dunjú, tí àwọn ọmọ ń yege lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n bá gbé e lọ sí mínísírì ní Lókója pé àwọn fún un ní ìgbéga, ó wá jókòó ti fáìlì lábẹ́ fáànù. Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ tíṣà mọ irú wọn dáadáa.

John Beilein, ẹ ṣèwádìí ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kó yunifásítì Michigan dé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá, 2013 àti 2018. Cleveland ti NBA pè é ní 2019, ó lọ, kò lo sáà kan tán, 14 ló borí, 40 ló pàdánù, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní February 2020. Níbi tí wọ́n ti ń wo fídíò eré wọn ló ti sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ọmọ náà gbọ́ bíi pé ó pè wọ́n ní jàgùdà, ó ní ohun tí òun fẹ́ sọ kọ́ nìyẹn, ó tọrọ àforíjì, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwọn ọmọ yunifásítì ì bá gbé irú ẹ̀ mì, nítorí ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun.

Èyí tó burú jù ni pé ẹgbẹ́ tó ti bàjẹ́ ló sáábà máa ń wá kóòṣì. Nígbà tí Tim Floyd kúrò ní Iowa State lọ sí Chicago Bulls ní 1998, Jordan àti Pippen tí wọ́n jẹ́ òpó ẹgbẹ́ náà ti lọ, Phil Jackson tó jẹ́ kóòṣì wọn ti lọ, kí ló kù? Ó borí 49, ó pàdánù 190! Rick Pitino tó gba ife fún Kentucky ní 1996 lọ sí Boston Celtics lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó gbójú lé e pé lọ́tìrì tí NBA fi ń pín ẹni tó máa kọ́kọ́ mú ọmọ tuntun máa fún àwọn ní Tim Duncan, ọmọ tó dára jù lọ́dún náà, San Antonio ló jẹ lọ́tìrì ọ̀hún, gbogbo ètò bàbá dàrú, nígbà tó fi máa lọ ní 2001 ó ti pàdánù 146. Nets, ẹgbẹ́ NBA míì, náà já ìwé gbélé-ẹ fún Calipari, tí òun náà ti yunifásítì wá, ní 1999 nígbà tó borí 3 péré nínú 20. Àwọn méjèèjì padà sí yunifásítì, ara wọn balẹ̀, ife yunifásítì sì dé ọwọ́ Calipari ní 2012.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ o. Brad Stevens lọ láti Butler, ilé-ìwé kékeré, ní 2013, àwọn Celtics fún un ní kọ́ńtíráàtì ọdún 6, ó pàdánù 57 ní sáà àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó lé e, nígbà tó ṣe ó ń kó wọn dé àṣekágbá ti àwọn ẹgbẹ́ NBA apá ìlà-oòrùn. Billy Donovan ti yunifásítì Florida fọwọ́ síwèé fún Orlando ti NBA ní 2007, kò pẹ́ ọjọ́ mélòó kan ó ní òun ti yí èrò padà, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa, ìgbà tó wá lọ ní 2015, ẹgbẹ́ tó ní Durant àti Westbrook, àwọn ìràwọ̀ agbábọ́ọ̀lù, ló lọ bá. Òun nìyẹn tó lo ọpọlọ.

Ohun kan tó jẹ́ òótọ́, tí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ì bá sọ dípò ojo tó ń sọ ni pé yunifásítì gan-an ti ń di ọjà. Láti 2021 ni àwọn ọmọ ti ń gbowó lórí orúkọ wọn, tí wọ́n sì lè kó ẹrù lọ ilé-ìwé míì láìjókòó fún sáà kan. Jay Wright, kóòṣì Villanova, fẹ̀yìntì ní 2022, Tony Bennett, kóòṣì Virginia, kúrò ní October 2024, sáà tuntun ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé owó lẹ máa fi bẹ ọmọ lọ́dọọdún, ẹlòmíì á ní kí òun kúkú lọ síbi tí owó ti ní ètò. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kóòṣì yunifásítì ṣì ní àṣẹ láti yan ẹni tó fẹ́, ní NBA kò ní in.

Tiwa nílẹ̀ Òkun, láàárín àwa Yorùbá Kogí ńbí, ó kàn wá jù bí ẹ ṣe rò lọ, torí ọmọ tó bá ga díẹ̀ báyìí, àwọn òbí ẹ̀ ti ń ronú Amẹ́ríkà. Hakeem Olajuwon kúrò ní Èkó ní 1980 lọ bá kóòṣì Guy Lewis ní yunifásítì Houston, kò tíì mọ eré náà tó, Lewis fi í sílẹ̀ kó kọ́ṣẹ́ fún ọdún kan kó tó jẹ́ kó gbá, nígbà tí NBA ń mú àwọn ọmọ tuntun ní 1984, òun ni wọ́n mú ṣáájú gbogbo wọn, ṣáájú Jordan pàápàá. Lewis lo ọgbọ̀n ọdún ní Houston, kò lọ ibì kankan. Ẹ̀yin òbí, kẹ́ ẹ tó fi ọmọ yín sọ́wọ́ kóòṣì kankan, ẹ bi í bóyá ó ní in lọ́kàn láti lọ.

Ní ti Hurley, tí wọ́n bá tún pè é, kó bi àwọn olówó ẹgbẹ́ náà pé tí mo bá pàdánù 57 lọ́dún àkọ́kọ́ bíi ti Stevens ṣé ẹ ṣì máa kí mi? Tí wọ́n bá ń kálòlò, kó yáa padà sí Connecticut lọ máa gba 50 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n fọwọ́ sí fún un.

Èmi ni tíṣà eré ìdárayá kan,
Kàbbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.