Wo ibi tí nọ́ńbà dúró sí kí o tó fa oògùn

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí àwòrán ìwé ìdánwò ìṣirò oògùn tí o fi ránṣẹ́. Mo kà á láti òkè délẹ̀, mo sì tún un kà. Má sunkún mọ́. Kì í ṣe pé o ò mọ ìṣirò. O mọ ìsọdipúpọ̀, o mọ pínpín, iṣẹ́ rẹ sì mọ́ tónítóní. Ibì kan ṣoṣo ni gbogbo ohun tí o pàdánù ti jáde wá, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́. Ọ̀rọ̀ orí fóònù máa ń fò lọ, mo sì fẹ́ kí o lè ṣí èyí wò nígbà tí wọ́n bá kó yín wọ wọ́ọ̀dù.

Ìbéèrè kẹta ló tú àṣírí. Wọ́n ní èwo ló pọ̀ jù nínú digoxin 0.125 mg àti 0.25 mg, o mú 0.125. Mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ojú rẹ fo pọ́ìntì kọjá, ó rí 125, ó rí 25, ó sì gbà pé 125 ló jù. Oògùn ọkàn ni digoxin, Àdùkẹ́. Ìwọ̀n tó ń wo èèyàn sàn àti ìwọ̀n tó ń ṣe é léṣe sún mọ́ ara wọn gan-an. Tábúlẹ́ẹ̀tì 0.25 yẹn, ìlọ́po méjì 0.125 ni gẹ́lẹ́.

Jẹ́ ká padà sí ìpìlẹ̀. Ibi tí nọ́ńbà bá dúró sí ló ń sọ iye rẹ̀. Wo 555. Márùn-ún tó wà lápá ọ̀tún jẹ́ ẹyọ márùn-ún, èyí tó wà láàárín jẹ́ àádọ́ta, èyí tó wà lápá òsì jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Bí nọ́ńbà bá sún sí òsì lẹ́ẹ̀kan, iye rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Bó bá sún sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, ó kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òfin yìí parí síbi ẹyọ. Kò parí síbẹ̀ rárá. Tí o bá kọjá ẹyọ, àyè tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ìdá mẹ́wàá, èyí tó tún tẹ̀ lé e jẹ́ ti ìdá ọgọ́rùn-ún, ẹ̀kẹta jẹ́ ti ìdá ẹgbẹ̀rún. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni pọ́ìntì ń ṣe níbẹ̀: ó ń tọ́ka sí ibi tí ẹyọ wà.

Wá padà wo digoxin rẹ. Ní àyè ìdá mẹ́wàá, 0.25 ní méjì, 0.125 ní ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ti tán. Kò sóhun tó lè tẹ̀ lé ọ̀kan yẹn tó máa sọ ọ́ di ju méjì lọ, ì báà jẹ́ 0.199999. Tí ọkàn rẹ ò bá tíì balẹ̀, kọ 0.250 sábẹ́ 0.125 kí gígùn àwọn méjèèjì lè dọ́gba, ṣùgbọ́n orí bébà tí o máa jù nù ni kí o ti ṣe é, má ṣe é lórí ṣáàtì aláìsàn. Màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ láìpẹ́.

Bí o bá sì fẹ́ kà á sókè, kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: òdo, pọ́ìntì, ọ̀kan, méjì, márùn-ún. Ẹni tó bá ka ohun tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì bí ẹni ń ka owó, etí ara rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tàn án jẹ.

Mo rò pé bí a ṣe ń ka nǹkan nílé náà dá kún un. Ogún-ogún la fi ń kà, a sì máa ń yọ kúrò. Tí ìyá àgbà bá pe márùndínláàádọ́ta, àádọ́ta ló ń dún létí rẹ, 4 sì ni ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ kọ sí àyè mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ọgbọ́n ńlá ló wà nínú kíkà yẹn, mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n dunjú, àmọ́ kì í fi àyè tí nọ́ńbà wà hàn. Èyí tí à ń kọ sílẹ̀ lónìí, Íńdíà ló ti wá. Brahmagupta ti kọ òfin ìṣirò òdo sílẹ̀ níbẹ̀ ní 628, ó sì gba ọwọ́ àwọn onímọ̀ tó ń kọ èdè Lárúbáwá kó tó dé Yúróòpù. Apá ẹ̀yìn pọ́ìntì ló pẹ́ kó tó gbilẹ̀. Ní 1585 ni Simon Stevin, ọmọ Bruges, tẹ ìwé kékeré kan jáde fún àwọn oníṣòwò àti àwọn tó ń wọn ilẹ̀, pé kí wọ́n fi ìdá mẹ́wàá ṣe gbogbo ìṣirò wọn. Ó tún dábàá pé kí owó àti òṣùwọ̀n máa lọ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Tiwa náà dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1973, nígbà tí náírà àti kọ́bọ̀ gba ipò pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́ńì. Ṣáájú ìgbà yẹn, pẹ́ńì 12 ló ń jẹ́ ṣílè kan, ṣílè 20 ló ń jẹ́ pọ́n-ùn kan, ẹni tó bá fẹ́ ṣe àròpọ̀ gbọ́dọ̀ yí òfin padà bó ṣe ń ti àyè kan bọ́ sí òmíràn. Ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ fún náírà kan mú gbogbo ìyẹn rọrùn. Síbẹ̀, bí ẹ̀rọ ìṣirò bá gbé 12.5 jáde, wàá rí ẹni tó máa ní náírà méjìlá àti kọ́bọ̀ márùn-ún ni. Àádọ́ta kọ́bọ̀ ni. Kọ́bọ̀ márùn-ún ni 12.05. Òdo yẹn kò ní iye lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń di àyè ìdá mẹ́wàá mú. Tí o bá yọ ọ́, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá lójú ẹsẹ̀.

Òdo míì tún wà tí kò di àyè kankan mú. Báńkì máa ń kọ ₦2,500.00, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n fẹ́ kí o mọ̀ pé kò sí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Lórí ṣáàtì, ewu gidi ni irú òdo yẹn. Ó níjọ́ kan tí dókítà kan kọ 1.0 mg fún ọmọ kékeré kan ní wọ́ọ̀dù wa. Bírò ò yọ dáadáa, pọ́ìntì sì bọ́ sórí ìlà ìwé. Nọ́ọ̀sì tó wá gba iṣẹ́ kà á sí 10. A máa ń ka ìwọ̀n oògùn sókè fún ara wa ká tó fà á, ibẹ̀ la ti gbá a mú. Mo gbé ṣáàtì náà lọ bá dókítà, ó sì tún un kọ. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá rí òdo tí kò níṣẹ́ lẹ́yìn pọ́ìntì, ara mi kì í gbà á.

Nítorí náà, 5 mg ni kí o kọ, má kọ 5.0 mg. 0.5 mg ni kí o kọ, má kọ .5 mg, torí bí pọ́ìntì yẹn bá pòórá, 5 ló kù. Joint Commission, àjọ tó ń yẹ àwọn ilé ìwòsàn wò ní Amẹ́ríkà, ti fi méjèèjì sínú ohun tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kọ mọ́ ní 2004. Lẹ́tà U tí àwọn kan fi ń ṣojú fún units, ìyẹn ẹyọ tí wọ́n fi ń wọn oògùn bí insulin, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí 10U tí wọ́n kánjú kọ jọ 100. Kọ units jáde. Ní ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìwé oògùn wọn, BNF, ní kí wọ́n fi micrograms kọ ohun tí kò bá tó 1 mg. Ìmọ̀ràn yẹn wù mí púpọ̀. 1 mg jẹ́ 1,000 micrograms, 0.125 mg sì di 125 micrograms. Pọ́ìntì ti lọ, kò sóhun tí ojú máa fò mọ́.

Insulin, oògùn àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ni kí o ṣọ́ jù. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní 100 units nínú 1 mL. Unit kan, 0.01 mL ni. Units 10 jẹ́ 0.1 mL, ẹ̀kán díẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá fi sírínjì lásán fa 1 mL ti fa 100 units, àyè kan ṣoṣo ló sì ṣì. Ṣúgà lè já wálẹ̀ lára aláìsàn yẹn títí tí ẹ̀mí á fi bọ́. Sírínjì insulin nìkan ni kí o máa lò, units ni wọ́n fi fa ìlà sí i lára.

Tí oògùn bá gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé, fara balẹ̀ ka páálí rẹ̀. Ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́, bí àwọn Faransé ṣe ń kọ ọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́, kọ́mà ni pọ́ìntì wọn. 2,5 tiwọn ni 2.5 tiwa, kọ́mà tiwa sì wà fún ẹgbẹ̀rún.

Nípa ìbéèrè keje, 2.5 lọ́nà mẹ́wàá kì í ṣe 2.50. "Fi òdo kan sí i" tí wọ́n kọ́ yín ní pámárì, nọ́ńbà odindi nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́. Sún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí òsì lẹ́ẹ̀kan: méjì bọ́ sí àyè mẹ́wàá, márùn-ún bọ́ sí àyè ẹyọ, ó di 25.

Kí o sì máa fojú díwọ̀n ìdáhùn kí o tó ṣírò. Ká ní ọmọ kan wọn kílò 6.4, dókítà ní 15 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan, paracetamol olómi yẹn sì jẹ́ 120 mg nínú 5 mL. Ọmọ oníkílò 8 ló máa gba 5 mL gééré. Ti ọmọ yìí gbọ́dọ̀ dín díẹ̀. Ṣírò rẹ̀ wàyí: 96 mg, ìyẹn 4 mL. Bí ẹ̀rọ ìṣirò bá sọ 0.4 tàbí 40 fún ọ, o ti mọ̀ pé pọ́ìntì ló ṣìnà.

Mo fi gàrí, ẹja gbígbẹ àti owó díẹ̀ rán bàbá rẹ, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Sátidé. Kó tó dé, ṣe mẹ́ta yìí fún mi: to 0.6, 0.06, 0.56 àti 0.506 láti orí èyí tó kéré jù, sọ 0.0625 mg di micrograms. Sọ iye mL tó wà nínú 36 units insulin tó jẹ́ 100 units nínú 1 mL. Kọ́kọ́ kọ iye tí o fojú díwọ̀n sílẹ̀, kí o wá kọ ìdáhùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Màá wà ní ojú iṣẹ́ alẹ́, màá sì rí i.

Èmi ni ìyá rẹ.