Béèsìbọ́ọ̀lù ń falẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ṣé bọ́ọ̀lù tiwa náà ń sáré ni?

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìròyìn.

Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kan kọ sójú ewé eré ìdárayá yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí wọ́n ti ní béèsìbọ́ọ̀lù kì í ṣe eré rárá, pé àwọn ará Amẹ́ríkà kàn ń dúró wo ara wọn lójú ni, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń tutọ́, àti pé ẹni tó bá ti mọ adùn bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ò lè jókòó ti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, àmọ́ ẹ ò jẹ́ kó jinná kẹ́ ẹ tó gbé e kalẹ̀.

Ìkẹ́nnẹ́ ni mò ń gbé, ẹ ò lè sọ pé mi ò mọ bọ́ọ̀lù. Remo Stars ṣe ipò kejì lọ́dún 2023, wọ́n tún ṣe ipò kejì lọ́dún 2024, a gbé e mì, nígbà tí wọ́n wá gba NPFL, líìgì àgbà Nàìjíríà, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún 2025, ohùn mi há pátápátá, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Torí náà kì í ṣe pé mo kórìíra bọ́ọ̀lù ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbè yín lẹ́sẹ̀ ná. Lọ́dún 2013, ìwé ìròyìn Wall Street Journal gbé aago lé béèsìbọ́ọ̀lù, wọ́n rí i pé nínú eré tó gba bíi wákàtí mẹ́ta, gbogbo ìgbà tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ gan-an ò ju bí ìṣẹ́jú 18 lọ. Ìṣẹ́jú 18! Ìyókù, wọ́n ń tún ìbọ̀wọ́ dè, wọ́n ń fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, wọ́n ń wojú ọ̀run. Àwọn tó ni eré fúnra wọn mọ̀ pé ó ti fẹ́ bàjẹ́, torí nígbà tó fi máa di 2021, eré inning mẹ́sàn-án (inning kan ni kí tíìmù méjèèjì lu bọ́ọ̀lù ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan) ti ń gbà tó wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 10, ni wọ́n bá gbé aago wọ pápá lọ́dún 2023, sẹ́kọ́ndì 15 péré lẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ní tí ò bá sẹ́nì kankan lórí béèsì, ìyẹn ibùdó tí ẹni tó lu bọ́ọ̀lù máa ń sáré lọ, 20 tí èèyàn bá wà níbẹ̀, wọ́n tún wá gé 20 yẹn sí 18 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹni tó bá kọjá rẹ̀ á jìyà. Lọ́dún tí aago yẹn dé, eré já wálẹ̀ sí nǹkan bíi wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 40. Ẹ wò ó, wọn ò janpata, wọ́n tún ilé wọn ṣe.

Ó wá ku tiwa. Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú la pè é, àmọ́ ní Premier League tí gbogbo wa ń kú lé lórí yìí, ìgbà tí bọ́ọ̀lù ń yí gan-an kì í sábà tó wákàtí kan. Ibo ni ìyókù lọ? Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà mọbẹ̀. Ó lọ sọ́wọ́ gólì tó gbá bọ́ọ̀lù mọ́yà tó dojú bolẹ̀ bí ẹni tí wọ́n yìnbọn fún, ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ tó ń rìn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, tó ń bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́ títí kan rẹfirí, ó lọ sí igun pápá níbi tí ẹnì kan ti fìdí dí bọ́ọ̀lù. Àwọn tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù náà ti rí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní láti ọdún 2025, gólì tó bá di bọ́ọ̀lù mú kọjá sẹ́kọ́ndì mẹ́jọ, kọ́nà ni wọ́n máa fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbá a. Ṣé ẹ rí i pé àwa náà ti gbé aago wọlé.

Ohun tó jẹ́ kí n gbé bírò gan-an nìyí o. Nínú béèsìbọ́ọ̀lù, kò sí bó o ṣe fẹ́ fi àkókò ṣòfò kó o fi wọlé. Kò sí fèrè tó máa gbà ẹ́ sílẹ̀. Tó o bá ń borí, o ṣì gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó mú igi, tó fẹ́ lù ú jìnnà, àfi tó o bá mú gbogbo wọn jáde, ẹni mẹ́ta ní inning kọ̀ọ̀kan, títí inning mẹ́sàn-án á fi pé. Ẹ bi àwọn ará Toronto. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2025, eré keje, tó kẹ́yìn, nínú World Series, ìyẹn àṣekágbá béèsìbọ́ọ̀lù, ọ̀tá wọn ni Los Angeles Dodgers, Toronto ń borí pẹ̀lú 4 sí 3 ní inning kẹsàn-án, nílé wọn, ẹni méjì péré ló kù kí wọ́n mú jáde kí wọ́n gba ife tí wọn ò gbà mọ́ látọdún 1993. Ká ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni, gólì á ti ṣubú lulẹ̀, dókítà á ti gbé báàgì wọlé, ó ti parí nìyẹn. Àmọ́ níbẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní láti jù ú. Miguel Rojas ti Dodgers, tí kì í ṣe ẹni téèyàn ń bẹ̀rù pé ó máa gbá home run, ìyẹn kó lu bọ́ọ̀lù kọjá odi pápá kó sì gba àmì, ló bá gbá a kọjá odi, ó di 4-4, wọ́n wá ń fi inning kún un torí ọ̀mì, nígbà tó di inning kọkànlá Will Smith tún gbá òmíràn, Dodgers gba ife pẹ̀lú 5 sí 4. Mi ò rí nǹkan tó ń dun èèyàn tó yẹn rí nínú eré, mi ò sì ti Toronto lẹ́yìn o.

Ẹ̀gbọ́n tún ní ìdúró yẹn ò ní nǹkan kan nínú. Ẹni tí ò mọ ohun tó ń retí ni ìdúró máa ń sú. Ṣebí a jọ ń lọ Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde ni, oòrùn á máa pa wá, a máa dúró títí kí ẹgbẹ́ kan tó tẹ̀síwájú, kí ẹṣin ìdílé kan tó jáde, kò sẹ́ni tó máa ń sọ pé ó ń falẹ̀, torí a mọ ta ló kàn, a mọ irú aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ́dún tó kọjá, a fẹ́ mọ bóyá ti ọdún yìí jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni tibẹ̀. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù àti ẹni tó ń mú un lẹ́yìn ń sọ̀rọ̀ láìlanu, ẹni tó mú igi ń gbìyànjú láti mọ ohun tí wọ́n ń sọ, àárín ẹni tó ń jù ú àti ẹni tó mú igi ò ju bíi mítà 18 lọ, bọ́ọ̀lù yẹn sì lè máa bọ̀ ní 150 kìlómítà ní wákàtí kan, kí o tó ṣẹ́jú ó ti dé, o ti ní láti pinnu ní kété tó bá kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú.

Mo ti ń wò ó díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ eré kẹta World Series yẹn kan náà ló kó sí mi lórí. Aago kan òru tiwa ló bẹ̀rẹ̀, iná ò sí, fóònù ni mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, mo ní kí n wo inning méjì kí n sùn. Shohei Ohtani ti Dodgers gbá home run méjì, ìkejì ló sọ ọ́ di 5-5 ní inning keje, látìgbà náà lẹ̀rù ti ba àwọn Toronto, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ní kó máa lọ sórí béèsì lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n má baà ju bọ́ọ̀lù sí i. Kí wọ́n bẹ̀rù èèyàn débi pé wọ́n ń fún un ní ohun tó ń wá! Ó dúró ní 5-5 bẹ́ẹ̀ títí di inning kejìdínlógún kí Freddie Freeman, ti Dodgers náà, tó gbá a kọjá odi, wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 39, ilẹ̀ ti mọ́ n'Íkẹ́nnẹ́, aago mẹ́jọ ti fẹ́ẹ̀ lù, àwọn ọmọ ti wọ yunifọ́ọ̀mù tán, ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ní "Dádì, ìyẹn ni pé ẹ ò sùn rárá?" Kí ni kí n sọ?

Mi ò sọ pé kó dà bíi bọ́ọ̀lù o. Bọ́ọ̀lù ló jù, àwa náà mọ̀. Òkúta méjì lọmọdé Ìpẹru nílò láti ṣe gólù, tí bọ́ọ̀lù ò bá sí wọ́n á wá nǹkan míì tì, kò sẹ́ni tó máa jókòó ṣàlàyé òfin fún un, tí gólù bá wọlé ará ilé àti ará oko ló máa mọ̀. Ti àwọn yẹn, ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo, owó ni. Wọ́n tún ń gbá eré 162 fún tíìmù kan ní sáà kan, ìyẹn ti pọ̀ jù, ta ló fẹ́ jẹ ọbẹ̀ kan náà lójoojúmọ́? Tí mo bá ní kí ẹni tó ni séntà àdúgbò wa yí tẹlifíṣọ̀n sí béèsìbọ́ọ̀lù, wọ́n á lé mi jáde, owó mi gan-an ò ní padà.

Ohun tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ yín, Olóòtú, kò le. Ìparí oṣù kẹta ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sáà. Ẹ bá wa wá igun kékeré kan lójú ewé yẹn, kẹ́ ẹ máa kọ èsì rẹ̀ síbẹ̀, ì báà jẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá lábẹ́ ìpolówó. Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé náà, tí wọ́n bá gba ọ̀nà Rẹ́mọ kọjá, kí wọ́n yà sọ́dọ̀ mi ká jọ wo inning mẹ́ta péré, dátà tèmi ni, gààrí Ìjẹ̀bú àti ẹ̀pà wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé òru ni o.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ