Sí Ìyá Báyọ̀, ní Libreville

Kétu

Ìyá Báyọ̀, ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Àárò rẹ ń sọ mí. Mo pè ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí náà kò sì ṣeé sọ níbi tí ọmọ wà, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́. Ṣadé yege ìdánwò rẹ̀, atẹ́gùn ṣí òrùlé yàrá ẹ̀yìn, a ti kàn án padà.

Bàbá Ṣadé ni. O mọ̀ pé ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá a fínra tipẹ́, àmọ́ a kò sọ fún ẹ pé ó ti dé kíndìnrín. Lóṣù tó kọjá, ní ìdájí, bẹ́ẹ̀dì tó ń mì ló jí mi. Òógùn ti mú kí aṣọ rẹ̀ rin bí ẹni tó bọ́ sódò, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń wò mí, kò dá mi mọ̀. Mo po ṣúgà sómi, mo ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó pe orúkọ mi ni mo tó jókòó sílẹ̀ sunkún.

Dókítà ní Kútọnu ní ínsúlínì tó ń gún ló ti pọ̀ jù fún un. Kíndìnrín wà lára ohun tó ń fọ́ ínsúlínì kúrò lára. Bí kò bá lágbára mọ́, ínsúlínì á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, á máa fa ṣúgà wálẹ̀. Wọ́n ti dín in kù. Ìtọ̀ nìkan ni mo rò pé kíndìnrín ń ṣe! Àṣé òun náà ló ń pèsè họ́mọ̀nù kan tó ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú egungun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀. Tirẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi funfun, tí kì í lè rìn dé ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ̀nà láì dúró mí. Abẹ́rẹ́ EPO, ìyẹn họ́mọ̀nù yẹn gan-an, ni wọ́n fi ń dí i. Àgbàdo tí mo tọ́jú ni mo tà fún un.

Ìyá Báyọ̀, ó ti tó ọdún kan tí kò súnmọ́ mi. Mo ti gbà pé obìnrin kan wà ní Pọ́bẹ̀. Mo tú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo bá, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi báírò fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan: testosterone. Mo bi dókítà nígbà tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní họ́mọ̀nù ọkùnrin nìyẹn, pé àìsàn yìí máa ń fà á wálẹ̀, pé prolactin, họ́mọ̀nù omi ọmú, tí kíndìnrín kò lè kó dànù mọ́ náà ń pọ̀ sí i, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ní bí obìnrin bá ní àìsàn yìí, ó máa ń ba nǹkan oṣù tirẹ̀ náà jẹ́. Mo ti ṣẹ ọkọ mi nínú ọkàn mi, kò sì mọ̀.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyí: ìgò àgbo ale kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti mu ún dé ìdajì. Irú àgbo mìíràn lè pa èyí tó kù nínú kíndìnrín rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ojú á tì í, á kàn lọ tọ́jú ìgò náà síbòmíràn.

Jọ̀ọ́, ní kí Bàbá Báyọ̀ pè é. Àwọn ni wọ́n jọ dàgbà, kò ní bínú sí i. Kó ní kó da àgbo náà nù, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ fún dókítà. Kó má dárúkọ mi. Alẹ́ Jímọ̀ ló máa ń dá jókòó níta.

Èmi ni,
Ìyá Ṣadé