Skyline Drive kì í ṣe ọ̀nà àsáréwà tán

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Létà ọkùnrin kan tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n gbé fóònù mi. Ẹ̀gbọ́n ni o, àbúrò ni o, mi ò mọ̀jọ́ orí ẹ̀, àmọ́ ó ní òun kó ìyàwó àtọmọ lọ sí páàkì Shenandoah ní Virginia, ní Amẹ́ríkà níbí, òun sì wa Skyline Drive, ọ̀nà tó gba orí òkè inú páàkì náà kọjá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láàárín wákàtí mẹ́rin, ó wá ń gba àwa yòókù nímọ̀ràn pé ká lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò ní ó parọ́. Ọ̀nà yẹn jẹ́ máìlì 105, máìlì 35 ní wákàtí kan lòfin sì fàyè gbà, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀, wákàtí mẹ́ta gbáko ni tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò bá kanlẹ̀. Wákàtí kan péré ló wá ṣẹ́ kù fún òkè, fún omi, fún oúnjẹ àti fún àtitọ̀. Kí ló wá rí? Ìdí mọ́tò ẹni tó wà níwájú ẹ̀ ni jàre.

Mo lẹ́nu ọ̀rọ̀ torí èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Maryland là ń gbé, ìgbà àkọ́kọ́ tá a lọ, mọ́tò mẹ́rin, èèyàn 17, kúlà mẹ́ta, jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹran díńdín, àti sípíkà ńlá kan tí bùrọ̀dá kan láàárín wa lóun ò lè fi sílẹ̀ láéláé. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì la fi jiyàn lórí WhatsApp nípa àwọ̀ tíṣáàtì tá a máa wọ̀, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tá a ti máa repo. Aago márùn-ún ìdájí la dá, aago mẹ́wàá ti kọjá ká tó kúrò nílé, ẹ ṣáà mọ̀ wá. Sátidé inú oṣù kẹwàá ni, ìgbà tí ewé igi ń pọ́n bí ẹyìn, gbogbo ará Washington ló ti dé géètì Front Royal ṣáájú wa, la bá tò sórí ìlà. Ìgbà tá a máa wọlé, eré la bẹ́ sí torí pé a gbọ́dọ̀ wà á tán dandan, kọ́nà lápá ọ̀tún kọ́nà lápá òsì, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì, àwọn tẹ̀yìn ní ká dúró, àwọn tiwájú ò gbọ́ torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, ilẹ̀ wá ṣú mọ́ wa lórí òkè tí iná epo mọ́tò kan sì ti ń ṣẹ́jú. Jọ̀lọ́ọ̀fù tá a gbé lọ, ilé la ti padà wá jẹ ẹ́. Níbi tó burú dé.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ìyá àwọn ọmọ mi gba ètò náà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ó tẹ́ máàpù páàkì náà sórí tábìlì, ó ní ṣebí wọ́n ti pín ọ̀nà yìí sí mẹ́ta fúnra wọn, àárín nìkan la máa lọ, láti Thornton Gap dé Swift Run Gap, máìlì 34 péré, a ó sì sùn ibẹ̀ mọ́jú. Mo kọ́kọ́ ní máìlì 34 ọ̀hún ò ha kéré jù bí, ó wò mí báyìí, mo dákẹ́.

Front Royal tí gbogbo èèyàn ń rọ́ lọ, a ò gbabẹ̀. Warrenton la gbà, ibẹ̀ la ti rọ epo kún táǹkì, a wá gba Sperryville gòkè lọ sí Thornton Gap. Aago méje àbọ̀ àárọ̀, mọ́tò méjì péré ló wà níwájú wa ní géètì. 30 dọ́là ni wọ́n ń gbà, mọ́tò kan ni wọ́n ń kà kì í ṣe orí, ọjọ́ méje lowó yẹn sì máa gbé, torí náà ẹ má sọ rìsíìtì nù o. Àwa ò tiẹ̀ san kọ́bọ̀, torí ọmọ wa kejì wà ní kíláàsì kẹrin lọ́dún yẹn, ìjọba máa ń fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní páàsì ọ̀fẹ́ tí gbogbo ará inú mọ́tò á fi wọlé, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa gbà á, àwa tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà torí wọn ò gbà á lórí fóònù nígbà yẹn. Ọmọ yẹn ṣe fàájì lọ́jọ́ náà, àfi bí ẹni tó ra òkè.

Ẹ ò ní tíì rìn jìnnà tẹ́ ẹ ó fi kan ihò Marys Rock, àpáta gidi ni wọ́n lu já, ó lé ní 600 ẹsẹ̀ bàtà, inú ẹ̀ ṣókùnkùn, tẹ́ ẹ bá wá yọ lódì kejì, gbogbo àfonífojì á ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú yín. A dúró níbẹ̀ bí ogún ìṣẹ́jú láìṣe nǹkan kan. Màmá, ìyá ìyàwó mi tó wá láti Ìdànrè, ló wà pẹ̀lú wa, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, torí wọn la ṣe mú Stony Man. Òkè yẹn ga tó 4,011 ẹsẹ̀ bàtà, àmọ́ mọ́tò ló máa bá yín gun èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ìrìn tó kù, àlọ àtàbọ̀ ò ju máìlì 1.6 lọ. Hawksbill ló ga jù nínú páàkì náà, ẹ fìyẹn sílẹ̀ fáwọn ọ̀dọ́. Òkè Old Rag ńkọ́? Ẹ má dán an wò pẹ̀lú àgbàlagbà, ọwọ́ àtẹsẹ̀ lẹ máa fi rá àpáta, láti oṣù kẹta sí ìparí oṣù kọkànlá ẹ sì gbọ́dọ̀ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Omi Dark Hollow Falls ló tàn mí jẹ. Ní Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lẹ máa kọ́kọ́ gùn, tẹ́ ẹ bá wá ń bọ̀ ẹ ó máa sọ̀ wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́. Ti ibí yìí, òdìkejì ni, ẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi omi, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀ ń ya fọ́tò, omi ń já láti òkè 70 ẹsẹ̀ bàtà, ó tutù nini, ẹ ti gbàgbé pé ẹ ṣì máa gùn padà. Èmi mí bí ẹran iléyá. Màmá ti jókòó sábẹ́ igi lókè, wọ́n kàn ń wò mí.

Big Meadows la sùn. Oṣù kẹrin nìyàwó mi ti gba yàrá fún oṣù kẹsàn-án, lójú tèmi oṣù kẹsàn-án yẹn dáa ju oṣù kẹwàá lọ, ewé ò tíì pọ́n lóòótọ́, àmọ́ ẹ ó rí ibi páàkì mọ́tò. Ẹ mú súwẹ́tà dání, òkè yẹn máa ń tutù ju ìsàlẹ̀ lọ dáadáa. Béárì wà níbẹ̀ o, kì í ṣe àwàdà, ẹ má fi ẹran díńdín sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹ kó o sínú búùtù. Alẹ́ ọjọ́ náà, ìràwọ̀ pọ̀ débi pé ọmọ tó gbà wá wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ béèrè bóyá wọ́n tanná sí ojú ọ̀run ni.

Lọ́jọ́ Sunday, ká tó jáde, a yà ní Lewis Mountain, ní máìlì 57.5 tẹ́ ẹ bá kà á láti Front Royal. Ibùdó kékeré ni, ilé onígi mélòó kan, tábìlì lábẹ́ igi, ẹni tí ò bá mọ ìtàn ẹ̀ máa wakọ̀ kọjá ni. Ibẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fáwọn aláwọ̀ dúdú lọ́dún 1939, torí ní Virginia ìgbà náà dúdú àti funfun ò gbọ́dọ̀ jọ jókòó jẹun, wọ́n tiẹ̀ ri bọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀ tó ń júwe ibi tí "Negro" máa yà sí. Páàkì ìjọba àpapọ̀ lèyí o, tí Ààrẹ Roosevelt fúnra ẹ̀ wá ṣí ní Big Meadows ní oṣù keje ọdún 1936. Ó di 1950 kí gbogbo ibẹ̀ tó di ti gbogbo èèyàn. A tẹ́ aṣọ sórí tábìlì kan níbẹ̀, a jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù wa, kò sẹ́ni tó ń kánjú.

Ibẹ̀ ni mo ti ń sọ fún Màmá pé kí ibẹ̀ tó di páàkì, ìdílé tó lé ní 400 ló ń gbé orí òkè yìí, òyìnbó àgbẹ̀ ni wọ́n, ìjọba Virginia ló gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ibojì wọn ṣì wà káàkiri inú igbó. Màmá ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní àwa ará Ìdànrè náà sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè, àmọ́ ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀, bí ọdún Orósùn bá sì dé àwọn ṣì ń gòkè padà lọ, àwọn wọ̀nyí ńkọ́, ta ló ń bá wọn ṣọdún?

Ẹ̀yin olóòtú, tí ọkùnrin yẹn bá tún kọ̀wé sí i yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bi í léèrè ihò Marys Rock. Tó bá wà á látòkè délẹ̀ lóòótọ́, inú ẹ̀ ló gbà kọjá. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó rántí ni.

Èmi ni,
Àna Ìdànrè kan ní Maryland