Kí Ẹsẹ̀ Tẹ Oko Kí A Tó Fi Àwòrán Ojú Ọ̀run Dá Àgbẹ̀ Kòkó Lẹ́jọ́

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá dá lórí àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà láti ojú ọ̀run, èyí tí àwọn olùwádìí fi ń mọ ibi tí igbó ti di oko àti ibi tí oko ti di ilé láti ọdún dé ọdún. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò sì kọ̀wé láti tàbùkù rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àwòrán náà nìkan dá àgbẹ̀ kòkó lẹ́jọ́, láìjẹ́ pé ènìyàn kan fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ inú oko náà.

Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni mí ní Ìdànrè. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, alágbàtà tó ń ra kòkó lọ́wọ́ bàbá mi mú máàpù kan wá lórí fóònù rẹ̀, ó sì fi igun kan nínú oko wa hàn wá, tí a kùn ní pupa. Ó ní ohun tí pupa yẹn ń sọ ni pé a pa igbó níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2020, àti pé ilé iṣẹ́ tí òun ń kó ọjà fún kò ní í gba kòkó wa mọ́. Bàbá mi gba fóònù náà, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ibi tí mo ti gé kòkó bàbá mi nìyí." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Kòkó àtijọ́ náà ti gbó, kò so dáadáa mọ́. A gé e, a gbin tuntun, a sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ṣe ìbòòji fún un. Àwọn kùkùté náà wà níbẹ̀ dòní. Òmíràn nínú wọn ti yọ ọ̀mùnú, ewé kòkó sì ni ó rú, ẹnikẹ́ni tó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó yóò rí i.

Ó yẹ kí àwọn òǹkàwé mọ ọ̀nà tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé. Sátẹ́láìtì kò mọ orúkọ igi. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó bá ilẹ̀ tó sì padà sókè ni ó ń wọ̀n. Ewé tútù máa ń fa èyí tó pupa nínú ìmọ́lẹ̀ náà mu, ó sì máa ń dá oríṣi kan tí ojú ènìyàn kò lè rí padà lọ́pọ̀lọpọ̀, nípa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ewé pọ̀ níbì kan. Ṣùgbọ́n oko kòkó ọlọ́jọ́ pípẹ́, tí arère àti ìrókò dúró lé lórí, ṣòroó yà sọ́tọ̀ kúrò lára igbó lọ́nà yìí. Nínú àwòrán Landsat ti Amẹ́ríkà, ẹyọ àmì kan ṣoṣo nínú àwọn tó para pọ̀ di àwòrán gba mítà 30 ní òró àti ní ìbú lórí ilẹ̀. Ti Sentinel-2 tí àwọn ará Yúróòpù ń lò gba mítà 10. Kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ahéré àti ojú ọ̀nà tó bá bọ́ sínú mítà 30 náà, àwọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn yóò dà.

Ọ̀rọ̀ àsìkò tún wà ńbẹ̀. Nígbà òjò, àwọsánmà kì í jẹ́ kí a rí ilẹ̀ apá ọ̀dọ̀ wa dáadáa, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwòrán tó ṣeé lò fi jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọyẹ́ àti èéfín oko sísun náà ń da ojú sánmà rú. Igi mẹ́láínà, irú èyí tí wọ́n gbìn sínú igbó ọba Omo ní Ìjẹ̀bú, máa ń wọ́wé ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá fi àwòrán oṣù Kejì wé ti oṣù Kẹwàá lè rò pé wọ́n ti gé e lulẹ̀. Àṣìṣe náà sì lè gba ọ̀nà kejì: kòkó tí wọ́n gbìn sínú igbó ọba lè tutù yọ̀yọ̀ nínú àwòrán, kí aláṣẹ sì máa sọ pé igbó ṣì wà.

Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 2023 ni ó mú ọ̀rọ̀ yìí gbóná. Ó ní kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 wá kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn, wọ́n sì ti sún ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n òfin náà fúnra rẹ̀ kò ka oko kòkó sí igbó. Ẹni tó gé kòkó gbígbó láti gbin tuntun kò rú u. Máàpù tó kùn wá ní pupa ni ó ṣi oko wa mú.

Ìmọ̀ tí a ó fi tún un ṣe wà nílé. Ọdún 1972 ni Landsat àkọ́kọ́ gòkè, ọdún náà gan-an ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ AFRIGIST lónìí, tó ń kọ́ni nípa máàpù àti àwòrán ilẹ̀, sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Sátẹ́láìtì ilẹ̀ Nàìjíríà fúnra rẹ̀, NigeriaSat-1, gòkè ní ọdún 2003, NigeriaSat-2 sì tẹ̀ lé e ní 2011. Láti ọdún 2008 ni àwòrán Landsat ti di ọ̀fẹ́, ẹni tó bá sì to ti ọdún púpọ̀ tẹ̀ léra lè rí ìgbà tí wọ́n ṣán ibì kan di oko. Ibi tí àwòrán àtijọ́ bá ti ṣọ̀wọ́n, kí a bi àwọn àgbà abà léèrè.

Mo rọ ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ abà láti máa fi fóònù gba ààlà oko sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún tí wọ́n gbìn ín, kí wọ́n sì máa gbé máàpù igbó ọba jáde lọ́dọọdún síbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Mo rọ àwọn tó ń ra kòkó pé kí wọ́n rán ènìyàn wá kí wọ́n tó kọ ọjà àgbẹ̀. Àpò kòkó mẹ́fà ṣì wà ní yàrá bàbá mi. A ti ṣán ọ̀nà dé igun tí wọ́n kùn ní pupa náà, bàbá mi sì ti ṣetán láti mú ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rán dé ìdí kùkùté kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ àgbẹ̀ kòkó,
Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.