McGovern kì í ṣe ojo

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ka ìròyìn yín lórí George McGovern, ẹni tó du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́dún 1972, tó ní kí wọ́n kó ọmọ ogun wọn kúrò ní Vietnam. Akọ̀ròyìn yín pè é ní ojo. Èmi ò gbà.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ń wa bàálù ajubọ́ǹbù B-24 lójú ọ̀run Yúróòpù, ìgbà 35 ló sì gbéra. Dakota Queen ló sọ bàálù náà nítorí ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ẹ́ńjìnnì ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́, erékùṣù kékeré Vis ló sáré balẹ̀ sí, kò sì sẹ́ni tó kú nínú wọn. Ṣé ojo nìyẹn?

Lóòótọ́, Nixon, ààrẹ tó wà lórí oyè nígbà náà, là á mọ́lẹ̀ níbi ìbò. Ìpínlẹ̀ Massachusetts nìkan ló mú, àti Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìdìbò tí ìjọba Nixon kan náà tọwọ́ bọ̀wé ní Paris pé ọmọ ogun Amẹ́ríkà yóò kúrò.

Pé McGovern ò mọ òṣèlú ṣe tó, mo gbà. Igbákejì tó kọ́kọ́ mú kí wọ́n jọ díje, Eagleton, kò lò ju ọjọ́ 18 lọ. Ìyẹn ò kan ogun ṣá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ "ojo" yẹn kúrò.

Emi ni tiyín,
Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìntì