Lẹ́tà sí Adùkẹ́, nípa abẹ́rẹ́ méjì

Manchester,
9 Oṣù Kẹta.

Adùkẹ́ mi,

Ọjọ́ mẹ́ta kan! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́, nítorí ariwo ọkọ̀ Houston fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ẹ́ mọ́lẹ̀. O ní dókítà fẹ́ kọ Zepbound, abẹ́rẹ́ ìsanra, fún ẹ, o sì ti ń gún Humira nítorí làkúrègbé, o wá ń bẹ̀rù pé méjèèjì á bá ara wọn jà nínú ẹ. Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí o lè rí i tún kà.

Oṣù karùn-ún rèé tí mo ti ń lo méjèèjì pọ̀. Mounjaro là ń pe tiwa níbí, oògùn kan náà ni. Bí apòògùn ṣe là á yé mi, ọ̀nà wọn ò pàdé. Humira ń mú ohun kan tí wọ́n ń pè ní TNF so, ìyẹn ìránṣẹ́ tó ń dáná sí wa ní oríkèé. Zepbound ní tiẹ̀, ọpọlọ àti ikùn ló ń bá sọ̀rọ̀: ebi á rọlẹ̀, oúnjẹ á pẹ́ kó tó dà. Kódà dókítà làkúrègbé mi ló kọ́kọ́ dá a lábàá, torí ọ̀rá ara máa ń dá kún oríkèé tó ń wú, Humira kì í sì í tètè jẹ́ lára ẹni tó bá sanra púpọ̀. (O rántí fọ́tò ìgbéyàwó Bọ́sẹ̀. Má rẹ́rìn-ín.)

Ibi tí wàhálà wà ni pé àìsàn lè sá pamọ́ sẹ́yìn abẹ́rẹ́. 2.5 mg Mounjaro ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tó gbé mi dé 5 mg. Wọ́n ti sọ fún mi pé èébì lè máa gbé mi bí ìwọ̀n bá gòkè, nígbà tó wá dé, mo ní òun náà nìyẹn. Mo ń mu omi atalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, òtútù mú mi débi pé eyín mi ń gbá ara wọn, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì bora lórí àga, mo ṣì ń bú Mounjaro. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ Humira. Mo ti gbé e kúrò nínú fíríìjì, ó wà níwájú mi lórí tábìlì kí òtútù ara ẹ̀ lè lọ. Baálé mi ló ní kí n kọ́kọ́ pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ò bi mí léèrè èébì rárá. Ó ní ṣé ara mi gbóná. A wọ̀n ọ́n: 38.7. Ó ní abẹ́rẹ́ ìsanra lè múni bì, ṣùgbọ́n irú ibà yẹn kì í ṣe tiẹ̀, pé kí n má fọwọ́ kan Humira, kí n máa bọ̀ ní ọsibítù.

Àrùn ojú ọ̀nà ìtọ̀ ni, ó ti gun kíndìnrín. Ká ní mo gún Humira lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ni ǹ bá tún de àwọn ọmọ ogun tó ń bá a jà lọ́wọ́. Ìgbà tí mo lo oògùn tán tí dókítà sì ní ó yá ni mo tó padà sí i.

Ṣé o ṣì ń lo methotrexate, oògùn làkúrègbé yẹn? Kíndìnrín ló ń lé e jáde. Bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá ti fa omi ara ẹ gbẹ, á há sára, á sì di májèlé. Pe dókítà kí o tó gbé tọ̀sẹ̀ yẹn mì.

Mo pín ọjọ́ wọn: Mounjaro ní Ọjọ́bọ̀, sí ikùn, Humira ní ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ méjì méjì, sí itan. Kò pọn dandan, àmọ́ bí ara bá dáhùn, mo fẹ́ mọ ẹni tó pè é. Bó bá sì jẹ́ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tí à ń gbé mì lò ń lò, fi kọ́ńdọ̀mù kún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, àti mẹ́rin mìíràn nígbàkúgbà tí ìwọ̀n Zepbound bá gòkè. Àbí o fẹ́ bí ìkẹrin?

Ti ìrìn àjò wa sí Ìbàdàn ní Oṣù Kejìlá ńkọ́? Ẹni tó wà lórí Humira kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, kòkòrò tó wà láàyè ló wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 2016, yẹ́lò káàdì wa àtijọ́ kì í kú mọ́. Mo rí tèmi nínú Bíbélì Màámi. Lọ wá tìrẹ.

Èmi ni,
Ṣadé